Nọ́ńbà Ṣáṣí Tí Ẹ Fi Ń Gbowó Orí Jíìpù, Ẹ Fi Sọ Òótọ́ Fún Ẹni Tó Fẹ́ Rà Á

Lẹ́tà ṣíṣí sí Ilé-iṣẹ́ Aṣọ́bodè Nàìjíríà àti Àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo oníbàárà



Ìdílé tó bá ti bí ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ìyá àgbà sì ń gbé lọ́dọ̀ wọn, kì í pẹ́ tí Corolla fi ń há mọ́ wọn. Ọmọ kan á jókòó lé èkejì lẹ́sẹ̀ títí wọ́n á fi dé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹrù á kún búùtù débi pé okùn ni wọ́n á fi so ó pa. Bí ọ̀rọ̀ jíìpù ṣe ń wọlé nìyẹn. Ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, orúkọ méjì ló sábà máa ń kọ́kọ́ jáde: Toyota Highlander àti Honda Pilot. Jíìpù aláàárín ni àwọn méjèèjì. Wọn kò tóbi tó Land Cruiser, wọn kò kéré bíi RAV4, ìlà ìjókòó mẹ́ta ni wọ́n ní, wọ́n sì ga nílẹ̀ tó láti kọjá kòtò ojú ọ̀nà wa láìfi ìdí gbálẹ̀. Owó wọn ni kò ṣeé fẹnu sọ mọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá fẹ́ rà á á fi ọ̀pọ̀ ọdún tu owó jọ, á yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìyàwó rẹ̀ á kó àjọ kún un.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yan ọkọ̀ olówó ńlá bẹ́ẹ̀ ló fa lẹ́tà yìí. Ẹni tó fẹ́ rà á á béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì rẹ̀. Ìyẹn á ní Toyota ni kó rà torí pátì rẹ̀ kún ọjà Ládípọ̀. Á béèrè lọ́wọ́ àbúrò ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn á ní Pilot ló láyè. Bó bá wá dé ọjà ọkọ̀ ní Berger, lójú ọ̀nà Oṣòdì sí Àpápá, ẹni tó ń tà á á ní, "Alàgbà, tòkunbọ̀ tààrà ni o. Ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún nílé-iṣẹ́ ló ṣì wà lára ẹ̀. Ẹ gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì ẹ̀." Alàgbà á gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, á wo táyà, á wo iye kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tí ẹni tó bá ní ẹ̀rọ rẹ̀ lè yí padà kíákíá, á sì sanwó. Ọ̀pọ̀ ohun tó yẹ kó mọ̀ nípa ọkọ̀ náà ti wà nílẹ̀, lábẹ́ nọ́ńbà ṣáṣí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó lọ wò ó. Kò sì sí i nínú ìwé èyíkéyìí tí ẹ̀yin ń fún un.

Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ló para pọ̀ di nọ́ńbà ṣáṣí. Láti 1981 ni Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Ẹni tó bá dúró níwájú ọkọ̀, tó wo abẹ́ gíláàsì ní ìhà ọ̀dọ̀ dírẹ́bà, á rí i. Highlander tí nọ́ńbà rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5TD, ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n ti tò ó. Èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún: E dúró fún 2014, F fún 2015, G fún 2016, H fún 2017. Ìmọ̀ kékeré yìí nìkan tó láti gba ènìyàn lọ́wọ́ jìbìtì kan tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa. Wọ́n á ra Highlander 2014, wọ́n á yọ bọ́ńpà, gíríìlì àti iná iwájú rẹ̀, wọ́n á fi ti 2017 rọ́pò, wọ́n á sì máa pè é ní 2017. Ojú ni wọ́n yí padà, inú wà bó ṣe wà. Agbára ẹṣin 270 ni V6 ti 2014 ní, ti 2017 jẹ́ 295. Jíà mẹ́fà ni ti 2014, mẹ́jọ ni ti V6 2017. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé láti 2017 ni gbogbo Highlander tí Toyota ń tà ní Amẹ́ríkà ti ní ẹ̀rọ tó ń fúnra rẹ̀ tẹ bíréèkì bí ọkọ̀ bá fẹ́ rọ́ lu ohun tó wà níwájú. Bàbá tó ra 2014 tí wọ́n tún lójú ṣe gbà pé ẹ̀rọ náà ń bá òun ṣọ́nà.

Ẹ̀yin Aṣọ́bodè mọ iṣẹ́ tí nọ́ńbà yìí lè ṣe. Níbẹ̀rẹ̀ 2022 ni ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi díye lé ọkọ̀ tó bá wọ èbúté, kí owó orí má bàa jẹ́ ohun tí òṣìṣẹ́ kan àti éjẹ́ńtì kan á jókòó fẹnu kò lé lórí. Àwọn éjẹ́ńtì fárígá, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ ní èbúté Èkó, ẹ dá a dúró fúngbà díẹ̀, ẹ sì tún padà sí i. Ìgbésẹ̀ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀: bí Highlander kan bá ti gúnlẹ̀ ní èbúté Tin Can, ẹ̀rọ yín ti mọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ọdún tí wọ́n ṣe é, àti irú èyí tó jẹ́. Orí ìmọ̀ yẹn ni ẹ ti ń gbowó. Ẹni tó san owó náà kò rí nǹkan kan gbà nínú ìmọ̀ ọ̀hún.

Kí wá ni àwọn tó ti lo àwọn jíìpù yìí rí lára wọn, tó yẹ kí ìdílé gbọ́ kí wọ́n tó yan ọ̀kan?

Ọ̀rọ̀ epo ni kó ṣáájú, torí òun ló ń dun àpò jù. Kí ìjọba tó kéde lópin Oṣù Karùn-ún 2023 pé kò sí owó ìrànwọ́ orí epo mọ́, lítà kan kò tó 200 náírà ní iye tí ìjọba fọwọ́ sí. Nígbà tó fi máa di Oṣù Kẹwàá 2024, ó ti tó nǹkan bí 1,000 ní Èkó. Táǹkì Highlander ti 2014 sí 2019 ń gba nǹkan bíi lítà 72. Owó táǹkì kan tí kò tó 15,000 náírà tẹ́lẹ̀ lé ní 70,000 nígbà náà. Ìdí rèé tí gbogbo ènìyàn fi ń wá "plọ́ọ̀gì mẹ́rin" kiri. Wọ́n gbà pé ẹ́ńjìnnì 2.7 tó ní plọ́ọ̀gì mẹ́rin á dín owó epo kù gidi, pé V6 ló ń mu epo bí ẹní mu omi. Ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde kò sọ bẹ́ẹ̀. Fún Highlander 2014 tó ń fi táyà iwájú nìkan fà, lítà 10.7 ni plọ́ọ̀gì mẹ́rin ń jẹ ní kìlómítà 100, lítà 11.2 ni ti V6. Kò ju ìdajì lítà lọ. Bí ọkọ̀ náà bá rin kìlómítà 1,000, lítà márùn-ún ni ẹni tó ra plọ́ọ̀gì mẹ́rin fi pamọ́.

Ohun tó sì fi sílẹ̀ kò kéré. Agbára ẹṣin 185 ni ẹ́ńjìnnì kékeré yẹn ní. Bí ènìyàn méje bá wọ̀ ọ́, tí ẹrù wà lẹ́yìn, tí éésì ń ṣiṣẹ́, tó wá ń gun àwọn òkè ọ̀nà Èkìtì, á máa ké ni. Àǹfààní tòótọ́ kan wà fún plọ́ọ̀gì mẹ́rin tí àwọn tó ń tà á kì í sọ: ó rọrùn láti tún ṣe. Plọ́ọ̀gì mẹ́ta nínú mẹ́fà ti V6 wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, lápá ibi tí dáṣíbọ́ọ̀dù wà, mẹkáníìkì á sì tú nǹkan púpọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Ẹni tó bá yàn án nítorí ìyẹn mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tó yàn án nítorí epo nìkan, wọ́n ti tàn án.

Ìjókòó ẹ̀yìn ni àròyé kejì. Highlander ti 2008 sí 2013, ènìyàn méjì ni ìlà kẹta rẹ̀ wà fún. Ti 2014 fẹ̀ sí i, bẹ́líìtì mẹ́ta wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ọkọ̀ ènìyàn mẹ́jọ. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ láti Èkó dé Ìlọrin á mọ̀ pé ọmọdé ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é; orúnkún àgbàlagbà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà rẹ̀. Bí ìlà kẹta bá sì wà ní nínà, àyè tó kù fún ẹrù lẹ́yìn kò tó lítà 400. Àpótí méjì péré, ó kún. Ìdílé tó ń ti ìlú bọ̀ lẹ́yìn ọdún pẹ̀lú iṣu, gàrí àti epo pupa á fi àwọn kan sílẹ̀ tàbí kí wọ́n gbé ẹrù lé ọmọ lẹ́sẹ̀. Pilot tó jáde láti 2016 ní nǹkan bíi lítà 467 lẹ́yìn ìlà kẹta, àgbàlagbà sì lè jókòó síbẹ̀ kó má bínú. Òǹkọ̀wé yìí kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: ìdílé tó bá ń kó ènìyàn méje rin ọ̀nà jíjìn déédéé, Pilot ni kó kọ́kọ́ lọ wò.

Ṣùgbọ́n kó lọ wò ó pẹ̀lú ìmọ̀. Tàímìn bẹ́líìtì ni ẹ́ńjìnnì Pilot ń lò títí dé 2022, ṣéènì sì ni ti Highlander láti 2008. Bẹ́líìtì náà ní ọjọ́ orí. Bí ó bá ti sún mọ́ kìlómítà 160,000, ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, torí bí ó bá já lórí eré, píìsìnnì á kọlu fáàfù, ẹ́ńjìnnì á sì bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ wá ronú nípa tòkunbọ̀ tí wọ́n ti yí kìlómítà rẹ̀ padà láti 170,000 sí 90,000. Ẹni tó rà á gbà pé bẹ́líìtì ṣì ní ọdún púpọ̀ níwájú, nígbà tó jẹ́ pé ó ti yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́ nù. Ó tún ku ọ̀rọ̀ Pilot 2009 sí 2013, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń pa àwọn sílíńdà kan láti fi dín epo kù. Àwọn tó ni ín ní Amẹ́ríkà sọ pé ó ń jẹ ọ́ìlì, ó ń ba plọ́ọ̀gì jẹ́. Wọ́n gbé Honda lọ sílé ẹjọ́, Honda sì fi kún wáráńtì rẹ̀ títí ó fi di ọdún mẹ́jọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ra Pilot 2016 olówó gọbọi, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Touring àti Elite, ń ráhùn pé jíà mẹ́sàn-án inú rẹ̀ máa ń lọ́ra, ó sì máa ń gbọn ọkọ̀. Èyí tí owó rẹ̀ kéré sí i, jíà mẹ́fà ló ní, àròyé tirẹ̀ kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Toyota náà kò mọ́ bí àwọn ènìyàn wa ṣe rò. Nínú àwọn V6 tó kọ́kọ́ jáde ní ìran kejì Highlander, ọ̀nà ọ́ìlì kan wà tí wọ́n fi rọ́bà ṣe apá kan rẹ̀. Rọ́bà náà lè bẹ́, kí ọ́ìlì dà jáde tán kí dírẹ́bà tó mọ̀. Toyota fi páìpù irin rọ́pò rẹ̀ fún àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà. Ní 2010, Highlander 2008 sí 2010 wà lára àwọn tí wọ́n pè padà kí wọ́n lè tún wọn ṣe, nítorí pé kápẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ lè há mọ́ ìtẹ̀ iná, kí ọkọ̀ máa sáré lọ láìgbọ́ ti ẹni tó ń wà á. Ní 2014, Toyota gbà láti san bílíọ̀nù dọ́là kan ó lé igba mílíọ̀nù fún ìjọba Amẹ́ríkà torí pé kò sọ òtítọ́ fún àwọn oníbàárà lórí ọ̀rọ̀ eré àìròtẹ́lẹ̀ yìí. Ní Oṣù Kẹwàá 2023, ó tún pe nǹkan bí 751,000 Highlander ti 2020 sí 2023 padà nítorí ìbòrí bọ́ńpà iwájú tó lè já bọ́ sójú ọ̀nà. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn tó ń wa ọkọ̀ wọ̀nyí ní Nàìjíríà ló ti gbọ́ nípa èyíkéyìí.

Ní ti ìjàǹbá, àjọ IIHS ní Amẹ́ríkà dán àwọn jíìpù aláàárín wò ní 2014, wọ́n fi etí iwájú ọkọ̀ ní ìhà dírẹ́bà gbá ohun líle. Highlander gba ipò kejì nínú mẹ́rin. Pilot ìgbà yẹn gba èyí tó kẹ́yìn pátápátá, òun àti Kia Sorento pẹ̀lú Mazda CX-9. Bí owó ẹni bá mọ ní 2014 tàbí 2015, tí ọmọ sì pọ̀ nílé, ó yẹ kí àbájáde yìí wúwo ju àwọ̀ ọkọ̀ tàbí awọ ìjókòó lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí rèé. Ilé-iṣẹ́ Takata ti ilẹ̀ Japan ṣe ẹ́ábáàgì fún ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀. Nínú ìgò irin kékeré tó ń fẹ́ ẹ́ábáàgì náà, kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní ammonium nitrate ni wọ́n lò. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti bá kẹ́míkà yìí jà fún ọdún púpọ̀, ó ń yí padà. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, dípò kó fẹ́ ẹ́ábáàgì, á fọ́ ìgò irin náà, àfọ́kù irin á sì ta lu ọrùn àti ojú ẹni tó jókòó síwájú. Ó lé ní ènìyàn 25 tó ti kú bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà nìkan, àwọn mìíràn nínú ìkọlù kékeré tí kò yẹ kó ju kí bọ́ńpà tẹ̀ lọ. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 irú ìgò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pè padà níbẹ̀, kò sì tíì sí ìpèpadà tó tóbi tó o nínú ìtàn ọkọ̀ ilẹ̀ náà. Takata wọ gbèsè, ó sì kéde rẹ̀ nílé ẹjọ́ ní Oṣù Kẹfà 2017.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ wo bí Amẹ́ríkà ṣe ṣe é. Wọ́n pín àwọn ìpínlẹ̀ wọn sí ọ̀nà mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ooru àti ọ̀rinrin ibẹ̀ ṣe rí. Florida, Texas, Louisiana àti àwọn ìpínlẹ̀ bíi tiwọn ni wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn, torí ibẹ̀ ni ewu ti pọ̀ jù. Ní Florida, ó kéré tán, ọkọ̀ máa ń rí oṣù díẹ̀ tí ooru rọlẹ̀. Ní Èkó, ooru àti ọ̀rinrin kì í sinmi láti Oṣù Kìíní dé Oṣù Kejìlá. Àwọn Pilot kan láti 2003 títí dé 2015 wà nínú orúkọ tí wọ́n pè. Sienna 2011 sí 2014, tí àwọn onímọ́tò wa fi ń kó èrò, wà níbẹ̀. Corolla wà níbẹ̀, 4Runner wà níbẹ̀. Ẹni tó ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Houston á gbé e lọ sọ́dọ̀ dílà, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá ti tà á kó tó lọ, tí wọ́n sì ti gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, ìgò irin náà bá a dé ọ̀dọ̀ wa.

Amẹ́ríkà gan-an ti jìyà irú ohun yìí rí, òun ló sì kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Láti ìparí àwọn ọdún 1990, táyà Firestone tó wà lára Ford Explorer ń bọ́ awọ lórí eré, ọkọ̀ á sì yí gbirigbiri. Explorer ni jíìpù aláàárín tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ nígbà náà. Ford ti ń pààrọ̀ irú táyà bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníbàárà ní Saudi Arabia àti Venezuela, àwọn ará Amẹ́ríkà kò mọ̀. Ó lé ní 200 ènìyàn tó bá a lọ lápapọ̀. Nígbà tí àṣírí tú ní 2000, Firestone pe mílíọ̀nù mẹ́fà àbọ̀ táyà padà. Lọ́dún náà gan-an ni wọ́n ṣòfin TREAD: ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tó bá pe ọkọ̀ padà ní ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n fi òfin gbà fún ara wọn ni lẹ́tà yìí ń bẹ̀ yín fún.

Wọn kò dúró síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó ní ọkọ̀ níbẹ̀ lè kọ àròyé rẹ̀ ránṣẹ́ sí NHTSA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò ọkọ̀, gbogbo ènìyàn á sì lè kà á. Láti 2014, ẹnikẹ́ni lè tẹ nọ́ńbà ṣáṣí sínú ojúlé àjọ náà lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì rí ìpèpadà tí wọn kò tíì tún ṣe lára ọkọ̀ ọ̀hún gan-an. Àròyé àwọn tó ń wa ọkọ̀ ló máa ń jí ìjọba. Ìjìyà sì wà fún ẹni tó bá fà sẹ́yìn: ní 2020, àjọ náà bá Hyundai àti Kia ṣe àdéhùn ìjìyà mílíọ̀nù 210 dọ́là torí pé wọn kò tètè pe àwọn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì wọn ń kú padà, Santa Fe àti Sorento sì wà lára wọn. Kim Gwang-ho, ẹnjiníà Hyundai tó tú àṣírí náà, gba ẹ̀bùn tó lé ní mílíọ̀nù 24 dọ́là ní 2021.

Ọ̀rọ̀ omíyalé náà wà níbẹ̀. Ní Oṣù Kẹjọ 2017, ìjì Harvey rọ òjò lé Houston lórí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ni omi bò. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń gbé ní Houston, wọ́n sì ń ra ọkọ̀ ránṣẹ́ sílé. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú máa ń wo ìwé ọkọ̀ kí wọ́n tó nawó lé e nílé gbàǹjo. Ìwé níbẹ̀ máa ń sọ bí ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò bá ti kọ ọkọ̀ kan sílẹ̀ nítorí omi tàbí ìjàǹbá. Ìkìlọ̀ yẹn kì í bá ọkọ̀ dé Berger. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti gbẹ ẹ́, kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti di tuntun. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wáyà inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹra, iná "check engine" á tàn, wáyà òmíràn á tún gbóná, owó á sì máa wọlé sọ́dọ̀ oníwáyà ní Géètì, ní Ìbàdàn, lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Àjọ UNEP ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè sọ ní 2020 pé láàárín 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ kékeré àlòkù ni wọ́n kó jáde lọ sí ilẹ̀ mìíràn láyé, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì lọ sí ilẹ̀ tí kò lówó tó. Nàìjíríà wà lára àwọn tó ń gba púpọ̀. Kò sí ohun ìtìjú nínú tòkunbọ̀. Òun ló ń gbé ìdílé wa, òun ló ń gbé aboyún lọ sílé ìwòsàn lóru. Ẹ̀dùn ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ náà ń dé, ìtàn rẹ̀ kì í bá a dé.

Ẹ̀yin Aṣọ́bodè lè ní iṣẹ́ tiyín ni láti gbowó, kì í ṣe láti dámọ̀ràn ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ dámọ̀ràn. Kí ẹ tẹ ohun tó wà nílẹ̀ síta ni. Lórí ìwé tí ẹ fi ń dá ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ kọ ọdún tí nọ́ńbà ṣáṣí sọ ní lẹ́tà gàdàgbà, kí ẹni tó tún ojú 2014 ṣe má rí 2017 pè é mọ́. Ẹ kọ bí ìpèpadà kan bá wà tí wọn kò tíì ṣe. Ẹ kọ bí ìwé rẹ̀ bá sọ pé wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Ti ìpèpadà, ọ̀fẹ́ ni láti wò ó, ẹ̀rọ yín sì ti ní nọ́ńbà náà lọ́wọ́. Àwọn ọkọ̀ tó ń gba Kútọnu wọlé láti ẹnubodè ilẹ̀, èyí tí ìjọba ti fòfin dè láti 1 Oṣù Kìíní 2017, ẹ lè mú wọn nígbà tí ẹni tó rà wọ́n bá wá wá ìwé kọ́sítọ̀ọ̀mù kó tó lè gba nọ́ńbà ọkọ̀.

Ẹ̀yin Àjọ FCCPC, òfin tó gbé yín dìde, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 2019, sọ pé ẹni tó bá gbé ọjà síta, tó wá mọ̀ pé ewu wà nínú rẹ̀, gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ kíákíá, kó sì kó o kúrò lọ́jà. Kò yọ ẹni tó ń ta jíìpù sílẹ̀. Ẹ ṣí ìwé àròyé sílẹ̀ fún ọkọ̀ bí NHTSA ti ṣe, kí ìyá tí jíà Pilot rẹ̀ dá a dúró lójú ọ̀nà Ṣàgámù lè sọ ọ́ ní Yorùbá lórí fóònù, kí ẹni tó fẹ́ ra irú rẹ̀ lọ́la lè kà á. Ohun tí àwọn tó ń lò ó níhìn-ín rí yàtọ̀ sí ti ará Ohio. Epo wa, kòtò wa, eruku wa àti ooru wa kò sí nínú ìwádìí ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó ń ta ọkọ̀ á ní ẹ fẹ́ ba ọjà àwọn jẹ́. Lára wọn, àwọn tó ń sọ òtítọ́ wà, àwọn tó máa ń fi nọ́ńbà ṣáṣí han oníbàárà kó tó béèrè. Àwọn wọ̀nyẹn ni ọjà ń bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ lónìí, torí ẹni tó bò ó mọ́lẹ̀ lè tà á lówó pọ́ọ́kú jù wọ́n lọ.

Bí iṣẹ́ náà bá pọ̀ jù láti gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Pilot 2003 sí 2015 àti Sienna 2011 sí 2014 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí ẹ́ábáàgì. Ẹ pe àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣojú Honda àti Toyota nílẹ̀ yìí jókòó, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á pààrọ̀ ìgò náà fún ẹni tó ra tòkunbọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ẹni tó ra tuntun, iye tí wọ́n ní nílẹ̀, àti ìlú tí wọ́n ti lè ṣe é yàtọ̀ sí Èkó. Ẹ wá kéde èsì wọn lórí rédíò, ní Yorùbá, ní Hausa, ní Ìgbò, pẹ̀lú orúkọ ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀, kí ẹni tó ní irú rẹ̀ mọ ibi tó máa gbé e lọ.

Ní gbangba ni wọ́n kọ lẹ́tà yìí sí yín. Ní gbangba náà ni àwọn tó fẹ́ ra jíìpù ń retí èsì yín.